Wi-Fi Tó Ń Fà Bí Ìgbín: Ilé Ni Kí Onílé Kọ́kọ́ Wò

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rántí rẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín kò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣépè fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wọn, kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lórí fóònù títí etí yóò fi gbóná, kí wọ́n sì wá fi owó parí ọ̀rọ̀: wọn a ra ètò tó gbówó lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí oṣù mìíràn bá dé, ìṣòro náà kò ní kúrò níbi tó wà. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Èyí kò sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ ní agbègbè etí òkun Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà sì jẹ nínú ìyà ọ̀hún. Kò sí ohun tí onílé kan ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta lè ṣe sí irú èyí ju kí ó káwọ́ lẹ́rán lọ.

Ṣùgbọ́n okùn abẹ́ òkun kì í já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ kí ó tó délé gùn: ó ń ti abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó, ó ń gba inú okùn fáíbà tàbí orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí yóò fi wọ inú àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní ráútà. Gbogbo ìrìn yìí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ibi tó kù, láti ara ráútà dé ara fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ogún lọ, ọwọ́ onílé sì ni ìyẹn wà. Òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn fóònù kò lè rí ògiri ilé náà, kò sì lè mọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ki ráútà bọ̀. Níbi ìṣísẹ̀ díẹ̀ yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Bàbá tó ni ilé náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó kàwé nípa ìṣirò owó, ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní London ṣiṣẹ́ láti inú yàrá rẹ̀ lókè, lẹ́yìn ilé. Láràárọ̀ ni òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Bí ìpàdé bá ti wọra, àwòrán rẹ̀ á dúró gbagidi, ohùn rẹ̀ á máa já, àwọn tó wà lọ́hùn-ún á sì máa pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹni tó kó sínú kànga. Ní oṣù kẹta, lẹ́tà dé: kí ó wá nǹkan ṣe sí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò wá ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Owó oṣù yẹn ló ń san owó iléèwé àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, òun náà ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ti fi kún owó tí wọ́n ń san lóṣù fún íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ìyàtọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n pè nígbẹ̀yìn. Kò fọwọ́ kan ráútà nígbà tó dé. Ìbéèrè mẹ́ta ló kọ́kọ́ bi wọ́n. Ṣé gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ló ń fà ni, àbí ọ̀kan ṣoṣo? Ṣé ibi gbogbo nínú ilé ni, àbí yàrá kan? Ṣé ní gbogbo ìgbà ni, àbí ní àwọn wákàtí kan?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí yẹ ní ohun tí gbogbo onílé ń há sórí. Bí ó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló ń fà, tí ti àwọn yòókù ń já geere, àìsàn fóònù yẹn ni. Kò kan ráútà, kò sì kan ilé-iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ń lo ráútà onísíìmù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èrò ló pọ̀ lórí òpó àdúgbò náà, nítorí gbogbo ẹni tí òpó kan ń bọ́, inú abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ yàrá kan ló ń fà nígbà tí pálọ̀ ń sáré, inú ilé ni ọ̀ràn wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ, níbi gbogbo, lójijì, ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí onílé wo àwọn iná tó wà lára ráútà: iná pupa níbi àmì íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń sọ pé ìta ni nǹkan ti bàjẹ́. Kí ó pa ráútà náà, kí ó dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ó tún un tàn. Èyí kì í ṣe idán. Kọ̀ǹpútà kékeré ni ráútà jẹ́. Òun náà ní ọpọlọ tí iṣẹ́ máa ń kún, tó sì máa ń fẹ́ ìsinmi.

Nílé Bàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wáyà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ráútà tààrà, ó sì wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré sí. Mbps 20 ni wọ́n ń sanwó fún. 19 ló rí. Ó gòkè lọ sí yàrá ọmọbìnrin náà, ó tún wọ̀n ọ́n láìlo wáyà. Kò pé 2.

“Bàbá, owó tí ẹ̀ ń san kò sọnù o. Ohun tí wọ́n tà fún yín ló ń wọlé. Pálọ̀ ló ń jókòó sí, kò rí ọ̀nà gun òkè.”

“Ọmọ mi, kí ló wá dí i lọ́nà?”

“Ilé yín náà ni, sà. Ẹ ti kọ́ ọ dáadáa jù.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìgbì rédíò ni Wi-Fi, kò sì sí ìgbì tó ń la ògiri kọjá láìsan owó ibodè. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń gbà lára agbára rẹ̀. Dẹ́kìn tí wọ́n fi irin hun nínú ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dígí ńlá ara wọ́dúróòbù, àgbá omi, ilẹ̀kùn onírin, gbogbo wọn ló ń gba tiwọn. Ráútà ilé yìí wà ní igun pálọ̀ níwájú ilé, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi, nítorí pé ibẹ̀ ni okùn fáíbà ti kọ́kọ́ wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó wá so ó fi í sí kí ó lè tètè lọ. Láti ibẹ̀ dé yàrá ọmọbìnrin náà, ògiri mẹ́ta àti dẹ́kìn kan ló wà láàárín, ilé ìdáná sì wà lójú ọ̀nà, tòun ti ẹ̀rọ máíkírówéèfù. Ìgbì bíi 2.45 GHz ni máíkírówéèfù fi ń mú oúnjẹ gbóná, ojú ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi 2.4 GHz ń tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń mú ọbẹ̀ gbóná nísàlẹ̀, ìpàdé London á máa já lókè.

Ojú ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ní. 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò yára tó o, èrò sì pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí Bluetooth àti ráútà àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀. 5 GHz ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹni tó bá wà nítòsí ráútà ni kí ó lo 5 GHz. Ẹni tó bá jìnnà ni kí ó lo 2.4 GHz. Lórí 2.4 GHz yìí, ìlà 1, 6 àti 11 ni ìlà mẹ́ta tí kì í gun ara wọn lẹ́yìn. Bí ráútà aládùúgbò bá wà lórí 6, ó yẹ kí onílé gbé tirẹ̀ lọ sórí 1 tàbí 11.

Ibi tó dára jù fún ráútà ni àárín ilé, lókè díẹ̀, ní gbangba, níbi tó jìnnà sí irin àti omi. Ti ráútà onísíìmù yàtọ̀, nítorí ọ̀gá méjì ló ń sìn: ó gbọ́dọ̀ rí òpó tó wà níta, ó sì gbọ́dọ̀ rí àwọn tó wà nínú ilé. Ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ló ti ń ríran jù, ojú fèrèsé kì í sì í ṣe àárín ilé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún lè fi ráútà onísíìmù sójú fèrèsé, kí ó wá fi wáyà fa íntánẹ́ẹ̀tì láti ara rẹ̀ lọ sí ara ráútà kejì láàárín ilé. Irú ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n dá nílé Bàbá. Wọ́n yọ ráútà kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fa wáyà gun òkè lọ sí ara ráútà tuntun kan tí wọ́n gbé kọ́ sí ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹnu yàrá ọmọbìnrin náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí nígbà tó ṣí ojú ewé tí wọ́n fi ń darí ráútà àtijọ́ le ju ọ̀rọ̀ ògiri lọ. Ènìyàn márùn-ún ló ń gbé inú ilé náà. Ẹ̀rọ 23 ló wà lórí Wi-Fi wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Wọ́n ti fún àlejò kan ní pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ráútà láti ọjọ́ pípẹ́. Àlejò fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì di ohun tí àdúgbò ń pín bí iyọ̀. Èyí tó burú jù ni pé pásíwọ́ọ̀dù ojú ewé ìdarí náà ṣì jẹ́ “admin”, bó ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é wá. Ẹnikẹ́ni lórí Wi-Fi náà ló lè wọlé, kí ó sì yí ohunkóhun tó bá wù ú padà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Brazil, láti ọdún 2011, àwọn ọ̀daràn gba àlébù inú ẹ̀rọ wọ àwọn ráútà ilé. Nígbà tí àṣírí tú ní ọdún 2012, iye ráútà tó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn ti tó mílíọ̀nù 4.5. Wọ́n yí àwọn nọ́ńbà DNS padà, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì tí ráútà fi ń mọ ibi tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá tẹ orúkọ báńkì rẹ̀, ojú ewé ayédèrú ni wọ́n lè darí rẹ̀ sí, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ní ọdún 2016, kòkòrò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń ti ìlẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn, ó ń dán irú pásíwọ́ọ̀dù bí “admin” wò. Ó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ráútà àti kámẹ́rà ilé onílé jọ bí ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún yẹn, wọ́n fi wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, Twitter àti Netflix kò sì ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ni ráútà náà kò mọ̀ pé ẹrú wọn ti lọ jagun.

Ní Nàìjíríà, ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Síìmù inú ráútà so mọ́ nọ́ńbà NIN onílé. Okùn fáíbà náà, orúkọ onílé ni wọ́n fi gbà á. Bí ẹnìkan bá jókòó sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì tó fi Wi-Fi ilé ẹlòmíràn lu jìbìtì, ẹnu ọ̀nà onílé ni ìwádìí lè kọ́kọ́ gbà dé.

Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà. “Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ aládùúgbò pé kó má fi kàwé JAMB rẹ̀ mọ́ ni?” Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìṣe Yorùbá fúnra rẹ̀. Pálọ̀ ni àlejò ń jókòó sí. Kì í wọ yàrá onílé láìgba àyè. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní Wi-Fi àlejò, tó ní orúkọ tirẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ yóò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, ṣùgbọ́n kò ní rí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú ilé. Bí ìnáwó bá parí, tí àlejò sì ti lọ, onílé lè pàrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù náà láìda iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rú. Ọmọ aládùúgbò ṣì ń kàwé rẹ̀ títí di òní.

Títo ráútà tuntun fúnra rẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí onílé tó rà á, kí ó wo ara páálí bóyá ó ní 2.4 GHz àti 5 GHz pọ̀, bóyá ó sì gba WPA3, tàbí ó kéré tán WPA2. Nígbà tó bá délé, wáyà láti ara àpótí fáíbà ni yóò ki bọ ihò tí wọ́n kọ WAN sí. Yóò tẹ àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ ráútà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Kí ó tó sọ Wi-Fi lórúkọ rárá, kí ó kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù ìdarí padà, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ilé; ti Wi-Fi kò ju kọ́kọ́rọ́ géètì lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò fún Wi-Fi ní orúkọ tí kò ní fi orúkọ ìdílé tàbí nọ́ńbà ilé hàn. Pásíwọ́ọ̀dù tó dára gbọ́dọ̀ gùn; ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, lágbára ju orúkọ ọmọ àti ọdún tí wọ́n bí i lọ. Kí ó pa WPS, ìyẹn ètò tó ń fi nọ́ńbà mẹ́jọ gba ẹ̀rọ wọlé, nítorí láti ọdún 2011 ló ti hàn pé ọ̀daràn lè mọ nọ́ńbà náà láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ó sì jẹ́ kí ráútà gba àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, torí irú àlébù tó ko Brazil láyà jẹ, àtúnṣe báyìí ló ń dí i.

Àwọn kan máa ń fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ sórí ráútà tuntun kí gbogbo fóònù inú ilé lè dá ara wọn so mọ́ ọn. Ọgbọ́n ni, bí àṣírí pásíwọ́ọ̀dù náà kò bá tíì jáde nílé. Bí ráútà méjì bá sì wà nínú ilé kan, bíi ti Bàbá, ọ̀kan ṣoṣo ni kí ó jẹ́ olórí. Kí wọ́n fi èkejì sí ipò tí wọ́n ń pè ní access point, kí àwọn méjèèjì má baà máa du oyè. Bàbá kọ àwọn pásíwọ́ọ̀dù náà sínú ìwé tí nọ́ńbà mítà iná àti ọjọ́ owó ilẹ̀ wà, ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè na ọwọ́ dé inú àpótí onígi.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni gílóòbù fi ń ṣú, ṣùgbọ́n ráútà àti àpótí fáíbà lè lo ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó jí padà. Lójú àwọn tó wà nínú ìpàdé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà wà lọ́jà, kò sì wọ́n bí ínfátà. Kí ẹni tó fẹ́ rà á wo ara ṣájà ráútà rẹ̀ bóyá 12 V tàbí 9 V ló ń lò, nítorí èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ lè jó o. Àpótí fáíbà náà gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì. Bí ráútà bá jí tí àpótí sì ń sùn, asán ni.

Nígbà tí iṣẹ́ parí ní Àkóbọ̀, Mbps 17 ló ń dé yàrá ọmọbìnrin náà. Bàbá dá owó oṣooṣù padà sí iye tó wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Ìpàdé London kò já mọ́, iṣẹ́ náà kò sì bọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò yọ àwọn ilé-iṣẹ́ kúrò nínú ẹjọ́. Ẹni tó gbowó láti wá so íntánẹ́ẹ̀tì sílé onílé kò yẹ kó ki ráútà bọ igun tó bá kọ́kọ́ rí, kó fi “admin” sílẹ̀ lórí rẹ̀, kó sì máa lọ. Títo ilé fún oníbàárà, kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, wà lára ohun tó sanwó fún. Bí ọ̀ràn bá sì jẹ́ ti ìta lóòótọ́, ẹni tó ti yẹ ilé rẹ̀ wò ni ẹnu rẹ̀ gbà á láti rojọ́. Yóò lè sọ pé, “Mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà yín, lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, èyí ni iye tí mo rí.” Bí wọn kò bá dá a lóhùn, nọ́ńbà 622 ti Àjọ NCC wà fún un láti pè láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀rí nínú kì í ṣòro gbọ́ bí ariwo.